ÀÁRÍN OHÙN NI Ọ̀RỌ̀ Ń GBÉ: PẸ́DÀLÌ GÌTÁ ÀTI ÌLÙ TÓ Ń FỌHÙN

 

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tí kò gbọ́ èdè ẹ̀gà ni í sọ pé ẹ̀gà ń pa àátòtò. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ gìtá oníná rí lójú ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa. Bí ẹgbẹ́ olórin bá gorí ìtàgé níbi àríyá, tí onígìtá fi ẹsẹ̀ tẹ pẹ́dàlì rẹ̀, tí ohùn gìtá sì yí padà lójijì, tó wá ń ha bíi ti ẹni tó kígbe mọ́jú, àwọn kan á ní ariwo ti dé. Àwọn mìíràn á fò sókè, wọ́n á ní ibẹ̀ gan-an ni orin ti bẹ̀rẹ̀. Ìjà yẹn kọ́ ni a fẹ́ parí nínú àpilẹ̀kọ yìí. Ẹnì kẹta kan wà lórí ìtàgé náà tí ẹnikẹ́ni kì í bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀: onílù gángan. Ó ń ki ènìyàn, ó ń pa òwe, ó ń dárúkọ baba àwọn tó wà níjokòó, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí pẹ́dàlì ti wọlé, kò sí ẹni tó gbọ́ ohun tí ó sọ. Fún àwa tí a jìnnà sílé, ìlù wà lára ohun tó ń fi èdè wa bá wa sọ̀rọ̀ ní gbangba ní ìlú yìí. Bí ó bá sọ ọ́ tí a kò gbọ́, a ti pàdánù nǹkan.

Kì í ṣe pé gìtá burú, kì í sì í ṣe pé ìlù kò ní agbára. Ibì kan náà ni àwọn méjèèjì fẹ́ jókòó sí, ibẹ̀ sì ni à ń pè ní àárín ohùn. Àwọn pẹ́dàlì kan wà tí wọ́n ní kókó tí a fi ń tún àárín yìí ṣe. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lò lè jẹ́ kí gìtá rẹ̀ ha bí ó ti wù ú, kí ìlù sì máa sọ̀rọ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí a tú inú ọ̀rọ̀ náà wò.

KÍ NI OVERDRIVE?

Gìtá oníná fúnra rẹ̀ kì í dún sókè. Bí a bá ta okùn rẹ̀, irin òòfà tí a wé wáyà mọ́, tó wà lábẹ́ okùn, á sọ gbígbọ̀n okùn náà di iná kékeré. Iná yìí ni wáyà ń gbé lọ sínú amplifier, tí amplifier ń fún ní agbára, tí sípíkà sì ń sọ di ohùn tí a ń gbọ́.

Iná náà ń gòkè, ó sì ń sọ̀kalẹ̀ bí ọ̀nà olókè. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹ̀rọ ló ní àjà tirẹ̀. Bí ènìyàn gíga bá wọ yàrá tí àjà rẹ̀ rẹlẹ̀, orí rẹ̀ á kan òkè. Bí ìgbì ohùn bá ga ju ohun tí ẹ̀rọ lè gbà lọ, ẹ̀rọ á gé orí rẹ̀ pẹrẹsẹ. Gígé orí ìgbì yìí ló ń mú kí ohùn máa ha. Bí gígé náà bá jẹ́ díẹ̀díẹ̀ tí kò le jù, òun ni àwọn olórin ń pè ní overdrive. Bí ó bá le gan-an, wọ́n á pè é ní distortion tàbí fuzz.

Ohun kan tún wà níbẹ̀. Ohùn kì í dá rìn, ó máa ń kó àwọn ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn. Okùn tó nípọn jù lára gìtá máa ń gbọ̀n ní ìgbà 82 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Iye ìgbà yìí ni à ń fi Hz kọ. Ṣùgbọ́n bí a bá ta okùn náà, kì í ṣe 82 Hz nìkan ni a ń gbọ́. A tún ń gbọ́ ìlọ́po rẹ̀ méjì, ìlọ́po mẹ́ta, ìlọ́po mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn wọ̀nyí ni ọmọ rẹ̀. Bí a bá gé orí ìgbì, àwọn ọmọ wọ̀nyí á pọ̀ sí i, ohùn wọn á sì le sí i. Gìtá tó mọ́ gaara dà bí àlejò kan ṣoṣo tó jókòó sórí àga kan. Gìtá tó wà nínú overdrive ti kó ìyàwó, ọmọ àti ẹbí wá, gbogbo àga ni wọ́n sì gbà tán.

Ọdún 1962 ni fuzz tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ kọ́kọ́ di ohun títà lọ́jà, nígbà tí wọ́n gbé Maestro Fuzz-Tone jáde ní Amẹ́ríkà. Ní 1977, ilé-iṣẹ́ Boss ní Japan gbé OD-1 jáde. Kò pẹ́ sí i, ní nǹkan bí 1979, Ibanez, ilé-iṣẹ́ Japan mìíràn, gbé Tube Screamer TS808 jáde. Láti ìgbà náà, pẹ́dàlì overdrive tí ayé ti fi èyí ṣe àwòkọ kò lóǹkà.

ÀÁRÍN NI ỌJÀ TI Ń NÁ

Etí ọmọ ènìyàn tó le koko lè gbọ́ láti nǹkan bí 20 Hz títí dé 20,000 Hz. Àwọn olórin máa ń pín in sí mẹ́ta: béèsì nísàlẹ̀, tírẹ́bù lókè, àti àárín. Kò sí ààlà kan pàtó, ṣùgbọ́n bí a bá ní láti nǹkan bí 250 Hz dé 4,000 Hz ni àárín, a kò jìnnà sí òtítọ́.

Àárín yìí ni ọ̀rọ̀ ń gbé. Ẹ rántí tẹlifóònù olókùn àtijọ́, ti ayé NITEL. Tẹlifóònù bẹ́ẹ̀ kì í gbé ju ohùn tó wà láàárín 300 Hz àti 3,400 Hz lọ. Ohùn ọ̀pọ̀ ọkùnrin, ìyẹn ìpìlẹ̀ ohùn náà fúnra rẹ̀, wà ní nǹkan bí 100 sí 150 Hz, èyí tó túmọ̀ sí pé tẹlifóònù ti gé e dànù. Síbẹ̀, bí bàbá bá pe ọmọ láti Ìbàdàn, ọmọ ń gbọ́ bóyá ọkọ tí obìnrin fẹ́ ni bàbá ń wí, tàbí ọkọ̀ tí a ń wọ̀, tàbí ọkọ́ tí a fi ń roko. Báwo ni ó ṣe ń ṣẹlẹ̀? Etí àti ọpọlọ máa ń wo àwọn ọmọ ohùn tó kù ní àárín, wọ́n á sì fi wọ́n mọ bàbá tí kò sí níbẹ̀. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ tí a fi ń pe Yorùbá kò sọnù, nítorí pé àárín ti gbé wọn wá.

Bí ó ti rí fún ẹnu náà ni ó rí fún ìlù. Onígángan ń fún okùn awọ ìlù rẹ̀ ní apá, ó ń fi kọ̀ǹgọ́ lù ú, ìlù sì ń gòkè, ó ń sọ̀kalẹ̀ bí ẹni ń sọ̀rọ̀. Ìlù kò ní fáwẹ́lì, kò sì ní kọ́ńsónáǹtì. Ìró òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ nìkan ni ó ní, pẹ̀lú àlàfo tó wà láàárín wọn. Ẹni tó ń kọrin ṣì lè la ẹnu dáadáa kí a wo ètè rẹ̀. Onílù kò ní ètè tí a lè wò. Bí nǹkan mìíràn bá bo ohùn ìlù mọ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ ti sọnù, gbì-gbì-gbì nìkan ni yóò kù.

Ní ọwọ́ kejì, onígìtá náà kò lè fi àárín sílẹ̀ pátápátá. Sípíkà gìtá kì í sábà gbé ohun púpọ̀ tó ga ju nǹkan bí 5,000 Hz lọ. Lórí ìtàgé, gìtá béèsì àti ìlù ńlá tí ẹsẹ̀ ń lù ti gba ìsàlẹ̀. Páànù dírọ́ọ̀mù ti gba òkè. Onígìtá tó bá yọ àárín rẹ̀ kúrò kò ní ibi tí yóò dúró sí. Ìdí nìyí tí gìtá tó dùn mọ̀nrànyìn nínú yàrá họ́sítẹ́ẹ̀lì fi máa ń pòórá bí ẹgbẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í lu orin. Ohun tí onígìtá sì máa ń ṣe nígbà náà ni kí ó fi ohùn kún ohùn. Olórin á ní kí wọ́n fi kún máìkì. Onígìtá béèsì á fi kún tirẹ̀. Kàkà kí ó sàn lára ìyá àjẹ́, ó fi gbogbo ọmọ bí obìnrin.

BÍ ÀWỌN TÓ ṢÁÁJÚ ṢE PÍN ÀYÈ

Àwọn baba wa nínú orin mọ ìṣòro yìí kí pẹ́dàlì tó dé. Nígbà tí orin jùjú bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní àwọn ọdún 1930, ní àkókò Tunde King, bánjò tàbí gìtá, jùjú àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń lò, kò sì sí ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, máìkì àti amplifier wọlé. Nígbà tí ohùn gìtá àti ti ẹni tó ń kọrin ti ní agbára, ààyè gbà kí ìlù tó ń sọ̀rọ̀ wọlé láìbò wọ́n mọ́lẹ̀. Ẹ ò rí i pé iná mọ̀nàmọ́ná gan-an ló ṣílẹ̀kùn fún gángan nínú jùjú.

Láti ìgbà I. K. Dairo, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún ní oyè MBE ní 1963, títí dé ìgbà Ebenezer Obey àti Sunny Adé, gìtá jùjú máa ń mọ́ gaara ni. Ẹni tó bá fi ara balẹ̀ gbọ́ àwo Juju Music tí Sunny Adé àti African Beats gbé jáde ní 1982 lábẹ́ Island Records yóò rí i pé gìtá tó wà níbẹ̀ ju ọ̀kan lọ. Ṣùgbọ́n gìtá kọ̀ọ̀kan ní ọ̀rọ̀ kúkúrú tirẹ̀ tí ó ń tún sọ, ó ń sọ ọ́, ó ń dákẹ́. Inú ìdákẹ́ yẹn ni ìlù ń gbà fọhùn. Ohun tí wọ́n ṣe nìyẹn: wọ́n pín àkókò, wọ́n sì pín ohùn.

Àwọn ọ̀dọ́ Èkó tó gba ọ̀nà rọ́ọ̀kì ní àwọn ọdún 1970 lo ọgbọ́n mìíràn. Ẹgbẹ́ BLO, tó gbé àwo Chapter One jáde ní 1973, ènìyàn mẹ́ta péré ni: Berkley Jones lórí gìtá, Laolu Akins lórí dírọ́ọ̀mù, Mike Odumosu lórí gìtá béèsì. Lára orúkọ wọn ni wọ́n ti fa BLO yọ. Ní ọdún yẹn kan náà ni Ofege, àwọn ọmọ ilé-ìwé St. Gregory's College ní Èkó, gbé Try and Love jáde, tí gìtá onífuzz sì ń ké nínú rẹ̀. Nínú irú ẹgbẹ́ kékeré bẹ́ẹ̀, gìtá lè kó gbogbo ẹbí rẹ̀ wá, nítorí pé àga pọ̀ nílẹ̀.

Níhìn-ín ní Ìpínlẹ̀ Rivers náà, àwọn tó ni ilẹ̀ ti fi ọ̀nà tiwọn hàn. Rex Lawson, ọmọ Kalabari láti Buguma, tó kú nínú ìjàm̀bá ọkọ̀ ní 1971, jẹ́ afọn-fèrè trumpet àti olórin highlife. Nínú highlife irú tirẹ̀, fèrè àti ohùn ẹnu ni ọba àárín. Gìtá á máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ní mímọ́ gaara.

Ìṣòro tiwa ni pé a fẹ́ méjèèjì pọ̀. A fẹ́ gìtá tó ń ha bíi ti rọ́ọ̀kì, a sì fẹ́ ìlù tó ń ki ni bíi ti jùjú, nínú gbọ̀ngàn kan náà, lálẹ́ ọjọ́ kan náà. Yorùbá ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n àárín ohùn kì í ṣe ojú ọ̀run. Yàrá họ́sítẹ́ẹ̀lì ni. Ẹni tó bá fẹ́ kí àwọn mẹ́fà sùn níbẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ibi tí olúkúlùkù yóò gbé orí lé. Ibẹ̀ ni kókó àárín ti wúlò.

ORÍṢI MẸ́RIN TÍ A LÈ BÁ PÀDÉ

Oríṣi kìíní ni èyí tí ẹni tó ṣe é ti pinnu àárín rẹ̀ láti ilé-iṣẹ́. Tube Screamer ni olórí wọn. Kókó mẹ́ta ló ní: Drive tó ń sọ bí yóò ṣe ha tó, Tone tó ń ṣe ìtúnṣe òkè, àti Level tó ń sọ bí yóò ṣe dún sókè tó. Kò sí kókó àárín níbẹ̀, ṣùgbọ́n àárín ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Kí ìgbì tó dé ibi tí wọ́n ti ń gé orí rẹ̀, ẹ̀rọ náà kì í jẹ́ kí ohun tó wà nísàlẹ̀ nǹkan bí 720 Hz gba agbára púpọ̀. Lẹ́yìn gígé, ó tún ń dín ohun tó wà lókè kù. Ohun tó kù wá yọ gọ̀ǹgọ̀ ní àárín bíi iké ràkúnmí. Stevie Ray Vaughan, onígìtá ará Texas tó kú ní 1990, máa ń fi í síwájú amplifier Fender. Ọ̀pọ̀ amplifier Fender máa ń jìn kòtò ní àárín. Iké pẹ́dàlì náà ló ń dí kòtò yẹn.

Oríṣi kejì ni èyí tó ń ṣe òdìkejì, tó ń gbẹ́ àárín kúrò. Big Muff tó jáde ní nǹkan bí 1969 jẹ́ ọ̀kan. Bí kókó Tone rẹ̀ bá wà láàárín méjì, kòtò á wà ní nǹkan bí 1,000 Hz. Ó tóbi, ó sì nípọn létí ẹni tó dá nìkan ń ta gìtá. Nínú ẹgbẹ́ tó pọ̀, òun ló máa ń kọ́kọ́ pòórá.

Oríṣi kẹta ní kókó àárín tirẹ̀ lọ́tọ̀. Marshall gbé The Guv'nor jáde ní 1988 pẹ̀lú kókó béèsì, àárín àti tírẹ́bù, bíi ti amplifier gan-an. A lè fi kún àárín, a sì lè dín in kù, ṣùgbọ́n ibi tí àárín náà wà kò ṣeé ṣí nípò.

Oríṣi kẹrin ló fún wa ní òmìnira jù. Kókó méjì ló ní fún àárín: ọ̀kan ń bèèrè pé "níbo?", èkejì ń bèèrè pé "mélòó?" Boss MT-2, tí wọ́n ń pè ní Metal Zone, tó jáde ní 1991, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀. Ó le ju overdrive lásán lọ, ṣùgbọ́n ọgbọ́n àárín rẹ̀ dára fún ẹ̀kọ́: a lè gbé ibi àárín náà láti 200 Hz dé 5,000 Hz, kí a sì fi kún un tàbí kí a dín in kù dé 15 dB. Ẹni tí kò ní irú èyí lè ra Boss GE-7, pẹ́dàlì tí kì í gé orí ohùn rárá, tó kàn ní ibi méje tí a lè ti sókè tàbí sódò, láti 100 Hz dé 6,400 Hz. Bí a bá fi í ti overdrive lẹ́yìn, a ti ní àárín tó ṣeé tún ṣe.

ṢÁÁJÚ GÍGÉ TÀBÍ LẸ́YÌN GÍGÉ?

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ onígìtá ti ń ṣìnà. Ata tí a lọ̀ mọ́ ẹ̀wà kí a tó dín àkàrà yàtọ̀ sí ata tí a bù wọ́n ọn lẹ́yìn tó ti jáde nínú epo. Bí a bá tún àárín ṣe kí ohùn tó dé ibi gígé, a ń pinnu irú ohùn tí orí rẹ̀ yóò gé. Bí béèsì bá pọ̀ jù níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ á rọ́ pọ̀ bí ẹrẹ̀. Ìdí nìyí tí Tube Screamer fi ń dín béèsì kù ṣáájú. Ṣùgbọ́n bí a bá tún àárín ṣe lẹ́yìn gígé, bí a ti ń gé e kò yí padà. Ohun tí etí àwùjọ yóò gbọ́ ni a ń pinnu. Bí ìjà gìtá àti ìlù bá jẹ́ ìṣòro wa, lẹ́yìn gígé ni kí a ti kọ́kọ́ ṣe àtúnṣe.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ iná, ẹ gbọ́ tiyín. Inú Tube Screamer kò ní ohun ìjìnlẹ̀ tí ọwọ́ yín kò lè tó: chip 4558 kan, diode méjì tó ń gé orí ìgbì, resistor àti capacitor díẹ̀. Ààlà 720 Hz tí a wí yẹn ti ara resistor 4,700 ohm àti capacitor 0.047 microfarad wá. Ẹ sọ microfarad di farad, ẹ sọ nọ́ńbà méjèèjì di ìlọ́po ara wọn, ẹ tún fi 6.28 sọ ọ́ di ìlọ́po, kí ẹ wá fi èsì rẹ̀ pín 1. Ẹ ó bá 720 pàdé. Bí ẹ bá fi capacitor 0.1 rọ́pò 0.047, ààlà á sọ̀kalẹ̀ sí nǹkan bí 340 Hz, ohùn á sì nípọn sí i. Capacitor kan péré ni, síbẹ̀ ó tó láti yí ìwà pẹ́dàlì padà.

BÍ A ṢE LÈ TÒ Ó FÚN ẸGBẸ́ TÓ NÍ GÁNGAN

Èkíní, inú gbọ̀ngàn ni kí a ti tò ó, pẹ̀lú gbogbo ẹgbẹ́, kì í ṣe nínú yàrá. Bí ohùn bá rẹlẹ̀, etí kì í gbọ́ béèsì dáadáa, a óò sì máa fi kún un. Bí a bá wá gbé ohùn sókè nínú gbọ̀ngàn, béèsì yẹn á ti pọ̀ kọjá ààlà.

Èkejì, kí Drive kéré ju bí ọkàn ti fẹ́ lọ. Gígé orí ìgbì máa ń fa ohùn gùn, ó sì ń dí àwọn àlàfo. Àlàfo wọ̀nyẹn ni ìlù ń lò. Bí Drive bá ti pọ̀ jù, kò sí kókó àárín tó lè tún un ṣe tán.

Ẹ̀kẹta, kí Level wà ní ibi tí ohùn kò ti ní fò sókè bí a bá tẹ pẹ́dàlì. Ohùn tó ga máa ń tan etí jẹ pé òun ló dára jù.

Ẹ̀kẹrin, ẹ dán ìlù wò. Kí onílù yan òwe tàbí oríkì márùn-ún tí gbogbo ayé mọ̀, kí ó máa fi ìlù sọ wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ó ti wù ú. Kí ẹnì kan tó gbọ́ èdè ìlù dúró lẹ́yìn gbọ̀ngàn, kí ó máa sọ èyí tí ó gbọ́. Kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é láìsí gìtá, kí wọ́n tún ṣe é nígbà tí pẹ́dàlì wà ní títẹ̀. Bí ó bá gbọ́ ọ ní àkọ́kọ́ tí kò gbọ́ ọ ní ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ ti mọ ẹni tó jẹ̀bi. Ìdánwò yìí kò gba owó, ó sì ju àríyànjiyàn lọ.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ wá ibi tí ìjà wà. Bí pẹ́dàlì bá ní kókó "níbo", ẹ gbé "mélòó" sókè dáadáa, kí ẹ wá máa yí "níbo" díẹ̀díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sí òkè bí onílù ti ń lù. Yóò dé ibì kan tí ọ̀rọ̀ ìlù á kàn dàrú. Ẹ dúró níbẹ̀. Ẹ wá yí "mélòó" padà sí ìsàlẹ̀ díẹ̀, kì í ṣe títí dé òpin. Kí ó ṣáà dé ibi tí ẹni tó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn tún ti ń gbọ́ òwe rẹ̀. Ibi tí ẹ ó dúró sí ní ọjọ́ kan lè yàtọ̀ ní ọjọ́ mìíràn, nítorí pé gángan kékeré kì í ké bí ìyáàlù, gbọ̀ngàn oníkankéré kì í sì í dún bí abẹ́ tẹ́ǹtì.

Ẹ̀kẹfà, bí àkókò gìtá nìkan bá tó, tí onílù sì ti sinmi, kí onígìtá gbé àárín rẹ̀ padà. Pẹ́dàlì kejì, bíi GE-7 tí a ti àárín rẹ̀ sókè sílẹ̀, lè ṣe iṣẹ́ yìí pẹ̀lú ẹsẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan. Bí ó bá parí, kí ó tún tẹ̀ ẹ́, kí ó dá àga padà fún ẹni tó ni ín.

KÍ A TÓ NÁWÓ

Tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ pẹ́dàlì tí akẹ́kọ̀ọ́ lè rà. Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi bátìrì 9 volt tiyín dán an wò. Ẹ ṣí ibi tí bátìrì ń gbé. Bí omi bátìrì bá ti jẹ irin ibẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ yí gbogbo kókó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ariwo kàrà-kàrà díẹ̀ lè jẹ́ eruku lásán, ṣùgbọ́n bí ohùn bá ń kú tó ń jí, wàhálà ti wà níbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ lo àdápítọ̀ dípò bátìrì, ẹ wo àwòrán tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò rẹ̀. Ti Boss àti Ibanez sábà máa ń jẹ́ pé àárín ihò ni apá òdì wà. Ẹni tó bá gbé e sódì lè sun pẹ́dàlì rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ jẹnẹrétọ̀ ni a fi ń ṣeré, tí àdápítọ̀ ń kùn hùùù nínú sípíkà, bátìrì ni kí a padà sí. Bátìrì kì í kùn.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé pẹ́dàlì tó wọ́n jù ló ń gbé onígìtá ga. Ẹni tí kò ní kókó àárín rárá ṣì lè dín Drive kù, kí ó yí kókó ohùn ara gìtá rẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì ta okùn ní kúkúrú kí àlàfo lè wà. Àwọn onígìtá jùjú ṣe é láìsí pẹ́dàlì, ó sì dùn títí di òní.

Nítorí náà, ẹ̀yin onígìtá wa, bí ẹ bá tún gorí ìtàgé níbi ìpàdé wa tó ń bọ̀, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ohun tí onílù fẹ́ sọ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ lé pẹ́dàlì. Ẹ̀yin tó kù, ẹ dúró lẹ́yìn gbọ̀ngàn, kí ẹ sì sọ fún wọn bí ẹ bá gbọ́, tàbí bí ẹ kò bá gbọ́. Ire o.